Wáyà Tí Yóò Gbé Ohùn Ìyá Rìnsọ́lá

Ìwó,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2026.

Rìnsọ́lá, àkọ́bí mi tó wà ní Leeds,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́? Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀, ìyá rẹ sì ti gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

O tún ní kí n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù dípò lẹ́tà. Mi ò ní ṣe é. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí mo kọ́ ìdajì ìlú yìí bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, mi ò ní máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí ẹni tó ń pe adìẹ wọlé. Màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́. Kí ìwọ náà kọ tìrẹ kó ní orí, kó ní ìdí.

Àpótí kékeré tí o fi rán ìyàwó Múyìíwá nígbà tó ń bọ̀ wálé ti dé. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ yìí ni yóò máa gba orin lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, tí yóò sọ ọ́ di ohùn gidi, kó tó gbé e fún ampilifáyà mi. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ampilifáyà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọdún tí a bí ọ ni mo rà á, ìyá rẹ sì ní ohun kan ṣoṣo tó máa ń ké nínú ilé lòun ti múra sílẹ̀ fún, kì í ṣe méjì.

Ṣùgbọ́n kò sí wáyà nínú páálí. Wáyà USB tí yóò so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ náà, mi ò mọ̀ bóyá o gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì ni, tàbí ìyàwó Múyìíwá ló fi di ẹrù. Mo bá lọ sí ọjà Odò-Orí, mo ra èyí tó gùn jù lọ, nítorí ìyá rẹ kò gbà kí kọ̀ǹpútà wọ pálọ̀. Ó ní ó ń jẹ́ kí ilé jọ ọ́fíìsì. Nítorí náà inú yàrá ni kọ̀ǹpútà wà, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wáyà gbà jáde, ó yí ẹ̀yìn àga po, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Mo fi orin sí i. Orin lọ díẹ̀, ó já. Ó tún lọ, ó tún já, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ibi tó dùn jù gan-an ló sì máa ń já sí.

O mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, la fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ. Mo ti sọ fún pásítọ̀: màá gbé ẹ̀rọ mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá sì jẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ orin ìkórè tí ìyá rẹ dá kọ ní 1984, èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí o mú lọ, tí o jẹ́ kí wọ́n fọ ariwo kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń pariwo sínú maikirofóònù á gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ohùn.

Injiníà Fọládé, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wá láti Ìbàdàn, ti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní wáyà ọjà ló ń gé orin jẹ, pé wáyà tó ní fàdákà nínú ni kí n wá, nítorí fàdákà ló ń mú ohùn obìnrin dán. Mo mọ̀ pé yóò wà lọ́dọ̀ yín. Jọ̀ọ́, rà á, kí o fi ránṣẹ́ kíákíá.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Jẹun dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábánjí Oyèlẹ́yẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 2026.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ayẹyẹ. Àwọn arúgbó mi ń jẹun, èmi náà ń jẹun. Ẹ wo lẹ́tà mi dáadáa, mo ti fún un ní orí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí wáyà. Kò sí nínú páálí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kì í fi sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má wá fàdákà kiri. Ohun tó ń gba inú wáyà yẹn kọjá kì í ṣe ohùn rárá. Nọ́ńbà ni. Kọ̀ǹpútà ń ka nọ́ńbà ránṣẹ́, ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ ń gbà á, òun ló ń sọ ọ́ di ohùn. Tí mo bá rán ẹnìkan sí yín pé "ogún," bóyá bàtà wúrà ló wọ̀ o, bóyá ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn, ogún náà ni yóò bá yín nílé. Bí ọ̀nà bá ti jìn jù ló lè gbàgbé díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyẹn ló sì ń fa òsúkè tí ẹ ń gbọ́. Wáyà yín ti gùn jù, òun nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ihò tí wáyà ń wọ̀ níbẹ̀ rí bí ilé kékeré, ó ní igun, orí rẹ̀ gé díẹ̀ lápá méjèèjì. Wáyà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà ni ẹnu rẹ̀ bá ibẹ̀ mu. Kí ẹ ra èyí tí kò gùn ju apá yín lọ. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì yunifásítì, kò wọ́n rárá, owó ọ̀kadà dé Olúpọ̀nnà lè jù ú lọ. Kí ẹ wá bẹ Màmá kí kọ̀ǹpútà wọ pálọ̀ fún ọjọ́ kan péré, kí ẹ fi dán an wò.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ti ń wá ọkọ̀ òfurufú, àmọ́ ọ̀gá mi kò tíì fọwọ́ sí i.

Ọmọ yín,
Rìnsọ́lá.


Ìwó,
Ọjọ́ ogún oṣù kejì, 2026.

Rìnsọ́lá ọmọ mi,

Fóònù Àlhájà Faridah, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ, ni mo fi ń kọ èyí o. Tirẹ̀ tóbi bí àwo, mo ń rí lẹ́tà inú rẹ̀. Tí o bá fẹ́ dáhùn, orí rẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí. Má fi sórí tèmi, nítorí bàbá rẹ ló máa ń bá mi ka ohun tó bá wọlé síbẹ̀, wọ́n á sì máa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Mo gbọ́ pé o júwe wáyà tí yóò jẹ́ kí orin mi dún láìjá. Rìnsọ́lá, kí ni mo fi ṣe ọ́?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Orin ìkórè yẹn, ọ̀gá akọrin wa ìgbà náà ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́, kò sì tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí àfi àwa kúáyà. Mo mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀. Ọjọ́ dé, mo dìde, mo kọ ẹsẹ kìíní, ó dára. Mo la ẹnu fún ẹsẹ kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti lọ. Ọ̀gá akọrin ń ranjú mọ́ mi, dùùrù ń lọ, èmi náà kò lè dúró. Mo wo iwájú, mo rí irè oko tí wọ́n kó jọ síwájú pẹpẹ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mò ń rí. Mo kọ iṣu. Mo kọ àgbàdo. Mo kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí ìlà parí, mo kọ elégédé, ó ṣì kù, mo tún kọ elégédé.

Maikirofóònù ìgbà náà kò dára, ariwo sì pọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló yọ mí. Ohùn ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ gan-an, ìta ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n wá kí mi, wọ́n ní orin mi wọ àwọn lára. Mo ní ẹ ṣeun sà. Wọ́n fẹ́ mi. Níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ elégédé?

Ìwọ wá jẹ́ kí òyìnbó fọ ariwo kúrò nínú rẹ̀, o tún fẹ́ kó dún kedere níwájú gbogbo ìjọ. Èmi, Ìyá Ìjọ! Jọ̀ọ́, má fi wáyà kankan ránṣẹ́. Tí o bá sì máa fi ránṣẹ́ dandan, wá èyí tó ti bàjẹ́.

Àlhájà Faridah ń kí ọ. Òun ló bá mi tẹ apá kan nínú èyí, ó sì ti rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ìdì aṣọ.

Ìyá rẹ,
Morádéyọ̀.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì, 2026.

Rìnsọ́lá,

Ìkíni mi kò ní gùn lónìí.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo bọ́ gíláàsì mi, mo nù ún, mo tún kà á, bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé! Ohùn ìyá rẹ ni o ní kí n fi wáyà àwọn tó ń tẹ ìwé ìkéde òkú gbé.

Mo ka àlàyé rẹ lórí nọ́ńbà fún Injiníà Fọládé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn tí kò ní etí ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ó ní wọ́n pààrọ̀ wáyà nílé ọ̀gá kan ní Bódìjà lójú òun, sípíkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo ní, "Ó mí bí èèyàn?" Ó ní, "Ó mí, Díákónì. Mo gbọ́ ọ."

Ìyá rẹ ló tún wá yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé yóò bá mi bẹ̀ ọ́ ni. Ńṣe ló ní kí n fi wáyà sílẹ̀, kí kúáyà kọrin lọ́jọ́ náà, ó tó. Mo ní, "Ìyá Rìnsọ́lá, ṣé ogójì ọdún náà ni kò wù ọ́ láti dúpẹ́ lé lórí?" Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀wà lórí iná. A kò se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè bí bàbá sí ọmọ: ṣé nǹkan le fún ọ níbẹ̀ ni? Tó bá le, sọ, màá gbàdúrà. Tó bá jẹ́ ahun ló mú ọ, sọ ìyẹn náà. Nígbà tí o fẹ́ wọ yunifásítì tí o ní bàtà kan báyìí ló wù ọ́, ṣé mo ní kí o lọ wọ ti àwọn tó ń tẹ̀wé?

Mò ń retí wáyà fàdákà.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 2026.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ bá mi kí Àlhájà Faridah, kí wọ́n má bínú pé a sọ fóònù wọn di ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí, àwọn ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé nígbà tí òun ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ, orúkọ àbúrò ọkọ lòun pè.

Ṣùgbọ́n Màmá, mi ò lè fi wáyà tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi, wọ́n ní ahun ni mí. Mi ò sì lè purọ́ fún wọn pé kò sí wáyà láyé. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n dákẹ́. Mi ò ní dá wọn lóhùn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi rí àyè sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ ọ́. Ẹ mọ̀ wọ́n, tí nǹkan bá ti wọ̀ wọ́n lórí, wọn kì í jókòó.

Ọmọ yín,
Rìnsọ́lá.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, 2026.

Sí Rìnsọ́lá Oyèlẹ́yẹ,

Mo retí ìdáhùn rẹ títí. Mo wo fóònù ní àárọ̀, mo wò ó lẹ́yìn ìsìn, mo wò ó lórí ọ̀kadà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. O ti ka lẹ́tà mi, nítorí àmì méjèèjì ti di búlúù. Ní ilé-ìwé mi, ẹni tí olùkọ́ bi ní ìbéèrè tí kò dáhùn, orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń parí ọjọ́ náà.

Má ṣe ìyọnu mọ́. Wáyà ti dé. Injiníà Fọládé ló bá mi mú un wá. Ó nípọn bí ejò, ó ń dán, inú àpótí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló wà bí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó. Mi ò san owó, a ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Ìyá rẹ yóò sọ ìyókù fún ọ, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ ni mí síbẹ̀.


Ìwó,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2026.

Rìnsọ́lá,

Òbúkọ mi!

Òbúkọ mi tó wà ní Kuta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo ti ń fi èèpo iṣu ránṣẹ́ sí láti ọdún tó kọjá, tí mo ní òun la máa pa fún àlejò ìdúpẹ́. Bàbá rẹ lọ sí Kuta, wọ́n ní èmi ni mo ní kí wọ́n mú un, wọ́n sì fà á lé Fọládé lọ́wọ́. Wáyà ni Fọládé fi dípò rẹ̀. Òbúkọ tó ní irùngbọ̀n!

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n gbé wáyà náà délé, wọ́n wọ aṣọ àrán, wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n mú ẹnu wáyà, wọ́n fẹ́ tì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kò wọ̀. Wọ́n yí i padà, kò wọ̀. Ihò ẹ̀rọ ní igun bí o ṣe sọ, ẹnu wáyà fàdákà sì pẹlẹbẹ, ó kéré bí èékánná ìka kékeré, bíi ti èyí tí Àlhájà Faridah fi ń gba iná sí fóònù rẹ̀. Wọ́n pe Fọládé. Ó ní òun á bá àwọn wá ẹnu mìíràn sí i. Wọ́n ní kó dá òbúkọ padà. Ó ní, "Díákónì, a ti fi sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ti gba ẹjọ́ mi rò, kò sí wáyà, kò sí elégédé. Ṣùgbọ́n wọn ò bá mi jà, Rìnsọ́lá, wọn ò tilẹ̀ bá Fọládé jà. Wọ́n kàn jókòó síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ àrán lọ́rùn, wọ́n mú wáyà dání. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ni." Wọn ò jẹun alẹ́.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀. Ó ti dé ètè mi. Mo rántí òbúkọ, mo gbé e mì padà.

Lánàá ni mo tún rí wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n ń wo wáyà fàdákà láti orí dé ìdí. Wọ́n fẹ́ gé e, kí wọ́n so ó mọ́ ẹnu ti ọjà. Kọ̀wé sí wọn kí iná má bàa jó ilé.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, 2026.

Bàbá mi,

Mo wólẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Mo jẹ̀bi pé mi ò dá yín lóhùn. Ẹ má bi mí ìdí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe àìbọ̀wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wáyà tó wà nínú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ẹ ò lè fi ọwọ́ so ó, ẹ sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Wáyà fàdákà yẹn kì í ṣe ayédèrú, ẹnu rẹ̀ ni kò bá ti ẹ̀rọ yín mu. Ẹ tọ́jú rẹ̀, yóò wúlò fún fóònù.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ nọ́ńbà mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí. Kí ẹ wá wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kúrú, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí Fọládé má sí níbẹ̀. Tí kò bá dára, kí ẹ kọ̀wé bú mi, màá kà á sókè fún gbogbo ilé.

Màmá ní ẹ ò jẹun. Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́.

Rìnsọ́lá yín.


Ìwó,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2026.

Rìnsọ́lá,

Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mò ń ronú ni.

Mi ò lè lọ máa ra wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́nu géètì yunifásítì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló kún ibẹ̀, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé fàdákà ni mò ń retí. Mo bá wọ ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án àná. Olúwabùnmi, akọ̀wé ìjọ, kò sí níbẹ̀. Mo yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, mo kó o sápò. Díákónì ni mí, a lè pè é ní àyẹ̀wò.

Ìyá rẹ lọ sọ́jà. Mo gbé kọ̀ǹpútà wọ pálọ̀, mo so ó. Kò já. Orin lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sín, kò wúkọ́. Bí ẹni pé ìyá rẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Mo gbọ́ ẹsẹ kejì. Gbogbo rẹ̀.

Wáyà náà yóò wà lọ́wọ́ mi di Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá rẹ,
Ọlábánjí Oyèlẹ́yẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, 2026.

Màmá,

Wọ́n ti gbọ́ ọ! Bàbá ti gbọ́ ẹsẹ kejì, wọ́n kọ ọ́ sí mi, "gbogbo rẹ̀" ni wọ́n kọ, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú. Àwọn tó máa ń kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí wáyà kò rí nǹkan sọ lórí elégédé.

Màmá, ẹ lọ bá wọn lónìí. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá mi kọ̀, mi ò lè wálé, mi ò sì lè jókòó síbí máa ronú pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ lọ dúró níwájú ìjọ tí ẹ ò tíì bá ara yín sọ̀rọ̀. Àlhájà Faridah, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré gbé e fún wọn.

Rìnsọ́lá.


Ìwó,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, 2026.

Rìnsọ́lá ọmọ mi dáadáa,

O kú ìrètí. Fóònù tèmi ni mo fi ń kọ èyí, kí wọ́n kà á tó bá wù wọ́n.

Àlhájà Faridah gbé lẹ́tà rẹ dé. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń padà. Mo ní kí n dúró kí wọ́n bi mí. Wọn ò bi mí. Ńṣe ni wọ́n ń wò mí, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi á sì sá lọ sí ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí Ọjọ́ Àìkú fi dé.

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Rúkèrúdò ti wà níbẹ̀. Olúwabùnmi kò rí wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò rí ètò ìsìn tẹ̀. Wọ́n ti fura sí àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì, wọ́n ti fura sí eku. Pásítọ̀ ń pe orin láti orí, ó ń pe nọ́ńbà orin Kérésìmesì. Mo wo bàbá rẹ. Wọ́n ń wo òrùlé.

Ó kan tiwọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn síwájú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá wọn gbé sípíkà. Mo fà wọ́n láṣọ, mo ní, "Bàbá Rìnsọ́lá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀." Wọ́n mú maikirofóònù.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, ìkórè ọdún 1984, ìta ni mo jókòó sí nítorí pé mo pẹ́ dé. Mò ń bínú, mò ń ronú bí mo ṣe máa bú awakọ̀ tó mú mi pẹ́. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń kọrin nínú ilé. Ó dùn, àmọ́ mo ṣì ń bínú. Ó wá dé ẹsẹ kejì. Mo gbọ́ iṣu. Mo gbọ́ àgbàdo. Mo gbọ́ elégédé, ẹ̀ẹ̀mejì." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi fi ìborùn bo ojú. Wọ́n ní, "Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti lọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí irè oko kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kò dúró, kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Mo ní irú ẹni báyìí ni mo fẹ́ máa bá gbé, nítorí mo mọ ara mi, mo mọ̀ pé nǹkan á máa dàrú. Ibi tí wáyà máa ń já sí nìyẹn, Rìnsọ́lá ò mọ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Láìsí elégédé, orin lásán ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Wọ́n fi orin sí i. Rìnsọ́lá, ó dún kedere. Nígbà tó dé elégédé kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá mi pè é.

Mi ò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní, "Ó ní ọ̀rọ̀ o! Ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀!" Láti ọjọ́ tó ti dójú tì mí yẹn, mi ò gbàgbé rẹ̀ mọ́, mo máa ń kọ ọ́ tí mo bá ń fọ aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohùn mi ti wálẹ̀, kò gòkè bíi ti ìgbà náà, mo sì ń mí láàárín ìlà. Ohùn ìgbà ọmọge mi ṣì ń lọ nínú sípíkà, àwa méjèèjì ń du ẹsẹ mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa wáyà yọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń gbọ́ mi títí mo fi kọ ọ́ tán.

Wọ́n dìde, wọ́n ká wáyà náà mọ́ ọwọ́, wọ́n rìn lọ bá Olúwabùnmi lórí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n ní, "Gbà, mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Lọ tẹ ìwé rẹ." Ọmọ náà gbà á, ó sáré. Pásítọ̀ ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, a ti ń jẹ ẹran awó tí Àlhájà Faridah dín wá, kó tó padà dé pẹ̀lú ètò ìsìn, ó sì pín in fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣì gbóná.

Ìyá rẹ,
Morádéyọ̀.